Ojú Táyé Nínú Kọ̀m̀pútà Àlàbá

Ọjọ́ Ajé, 2 Máàṣì 1998

Ọ̀gá Kékeré fún mi ní ìwé yìí pé kí n máa kọ ohun tí mo bá kọ́ lójúmọ́ sí i. Ohun tí mo kọ́ lónìí nìyí: kọ̀m̀pútà tó ń tún fọ́tò ṣe, pẹ̀lú síkánà tó ń gbé fọ́tò wọ inú rẹ̀ — ₦85,000. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Kò dín.

Mo jókòó sórí àga àwọn oníbàárà. Bàbá Oyèkànmí ní kí wọ́n bu omi fún mi.

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ta gíláàsì àti férémù létí títì Òkòkòmáikò. Mo wá rí i pé ẹni tó ń ya fọ́tò ń jẹun ju ẹni tó ń fi férémù sí i lọ. Èmi náà bá lọ kọ́ ọ. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta, ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọládélé, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Òun ni mò ń pè ní Ọ̀gá Kékeré nínú ọkàn mi. Bàbá rẹ̀, Bàbá Oyèkànmí, ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń jókòó sí báyìí, wọ́n ń ṣọ́ ẹni tó ń wọlé.

Ojú máa ń ti Ọ̀gá Kékeré láti rán mi níṣẹ́. Á ní, Ìyá Títí, ẹ jọ̀ọ́, tí kò bá ní yọ yín lẹ́nu, tí ẹ bá ń kọjá lápá ibẹ̀ yẹn, ẹ bá mi mú búrọ́ọ̀ṣì. Mo ní, Ọ̀gá, ẹ rán mi bó ṣe yẹ kí ẹ rán mi. Owó ìkọ́ṣẹ́ ni mo san, n kò san owó àpọ́nlé.

Ó ní nígbà tí mo bá fi máa gba fírídọ́ọ̀mù, ẹni tí kò bá ní kọ̀m̀pútà, ìdí férémù ni yóò padà sí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Òótọ́ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Máàṣì

₦85,000.

Ọjọ́bọ̀, 5 Máàṣì

Kí n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí n má baà tan ara mi jẹ pé torí iṣẹ́ nìkan ni.

Ìjànikin ni Màámi wà. Nǹkan funfun ti bo ojú wọn òsì, ọ̀tún náà ti ń tẹ̀ lé e. Oṣù tó kọjá wọ́n di ọwọ́ mi mú: Ẹ̀hìndé, bá mi ṣe fọ́tò yẹn kó tóbi, kí n rí Táyé lẹ́ẹ̀kan sí i kí ojú yìí tó pa dé.

Fọ́tò yẹn — ẹyọ kan ló wà láyé. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ọmọbìnrin méjì lórí bẹ́ńṣì, Ayétòrò, ọdún 1955. Aṣọ kan náà, irun kan náà. Táyé lápá òsì, èmi lápá ọ̀tún. Wọ́n ní oṣù kan lẹ́yìn tí a ya fọ́tò náà ni ibà gbé Táyé lọ. N kò rántí ojú rẹ̀ níbòmíràn. Ibẹ̀ yẹn nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n. Kò sí ohun tí n kò tíì sọ fún fọ́tò yẹn rí — ọ̀rọ̀ ọkọ, ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ.

Òjò ọdún 1994 wọ ilé wa ní Ìbà. Omi wọ inú férémù náà. Èmi oníférémù! Ti aráyé ni mò ń dí dáadáa, tèmi ni mo fi sílẹ̀. Àbàwọ́n bo Táyé láti iwájú orí dé imú. Bàbá Oyèkànmí ní bí nẹ́gátíìfù rẹ̀ bá wà, àwọn ì bá fi pẹ́ńsù tún un ṣe. Kò sí nẹ́gátíìfù. Ọ̀gá Kékeré ní kọ̀m̀pútà lè ṣe é.

Mo ti ta gbogbo gíláàsì mi. ₦92,000 ló wà lọ́wọ́. Tí mo bá fi ra èyí tí kò dáa, kò sí òmíràn, n kò sì ní gíláàsì tí mo máa padà sídìí ẹ̀.

Bàbá Títí ní ṣebí mo lè san ẹgbẹ̀rún méjì fún àwọn ará Ìkẹjà kí wọ́n bá mi ṣe fọ́tò kan náà. Mo ní ẹni tó bá san ẹgbẹ̀rún méjì ra ẹja, yóò tún ra ẹja lọ́la. Ó ní ẹni tó bá sì fi ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rùn-ún ra àwọ̀n, kó gbàdúrà kí odò má gbẹ. Ọkùnrin tó ń jó irin, ẹnu rẹ̀ náà gbóná bí iná irin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Máàṣì

Àlàbá. Èmi àti Ọ̀gá Kékeré. Mo di fọ́tò Táyé sínú ọ̀rá, mo kì í sínú Bíbélì, mo kó Bíbélì sínú báàgì. Ìlànà tèmi: fọ́tò kan náà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n ṣe ń fi ìwọ̀n kan náà wọn gaàrí gbogbo èèyàn nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, Ṣàkírù, ọmọ Ìfọ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn. Ó ní ₦48,000. Mo gbé àpótí kọ̀m̀pútà náà wò bó ṣe wúwo tó. Mo tún fi ìka kan gíláàsì ojú rẹ̀. Ọ̀gá Kékeré bojú. Ṣàkírù rẹ́rìn-ín títí: Ìyá, kì í ṣe irin àlòkù lẹ wá rà o!

Mo ní kó gbé fọ́tò mi sí i. Iná funfun kan ń rìn lábẹ́ gíláàsì síkánà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fi tọ́ọ̀ṣì wá owó tó bọ́ sílẹ̀. Fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde látòkè. Irun wa. Iwájú orí wa. Ó dé ìpéǹpéjú — ó dúró. Ó dì pa. Ṣàkírù tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún.

Ẹ ní sùúrù, Ìyá, ó ń ronú.

Mo ní tó bá ń ronú lórí ọmọ méjì, kí ni yóò ṣe lọ́jọ́ tí mo bá gbé fọ́tò ìgbéyàwó tí èèyàn ọgọ́rùn-ún wà nínú rẹ̀ wá?

Ó dín owó kù sí ₦41,000 kí n tó yọ fọ́tò mi. Ọjà tó dín tó bẹ́ẹ̀ kí èèyàn tó sọ̀rọ̀, mo mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Máàṣì

Bàbá Títí ti ń pè mí ní Ìyá Kọ̀m̀pútà níwájú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dá a lóhùn. Ó ti di orúkọ nìyẹn.

Ọjọ́rú, 11 Máàṣì

Lónìí ni ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì tó yé mi. Ọ̀gá Kékeré ti ṣàlàyé rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì. Mo ní, ẹ dúró, Ọ̀gá. Dísíìkì ni yàrá tí mò ń kó gíláàsì sí. Mẹ́mọ́rì ni tábìlì tí mo ti ń gé e. Yàrá lè tóbi, tí tábìlì bá kéré, gíláàsì ńlá á fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó wò mí. Ó ní, Ìyá Títí, ọdún méjì ni wọ́n fi kọ́ mi ní nǹkan tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn.

Tábìlì ti Ṣàkírù jẹ́ 16. Ọ̀gá Kékeré ní ká wá 32.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Máàṣì

N kò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́.

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. A lọ sí ṣọ́ọ̀bù Obiora, ọmọ Ìgbò kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo fẹ́ràn ọlọ́jà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo sì máa ń ṣọ́ra fún un. Kọ̀m̀pútà Pẹ́ńtíọ́ọ̀mù ni, mẹ́mọ́rì 32, ₦78,000 pẹ̀lú síkánà. Ó gbé fọ́tò náà sí i. Kò dúró níbì kankan. Ó jáde tán, odindi, ó kún ojú rẹ̀ fọ́fọ́. Inú mi dùn, mo ń ka owó nínú ọkàn mi.

Ó ní òun á fi bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìmọ́lẹ̀ fọ́tò náà. Àbàwọ́n yẹn ń fẹ́lẹ́, ó ń fẹ́lẹ́, bí ìgbà tí èèpẹ̀ bá ń rọlẹ̀ nínú omi. Ojú Táyé ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti rí i gbẹ̀yìn.

Obiora mú un tóbi. Ó tún mú un tóbi. Ó gbé ọwọ́ dúró. Ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó wo èmi alára.

Mọ́mì, ẹni yìí àti ẹni yìí, ẹnì kan náà ni o.

Mo ní ìbejì ni wá, ṣé kò rí ìbejì rí ni.

Ó ní rárá. Ó fi ìka sí ìpéǹpéjú òsì Táyé. Àpá kan wà níbẹ̀ tó kéré jù láti rí nínú fọ́tò kékeré yẹn, ó tẹ̀ bí ìkọ́ ẹja. Ó fi ìka sí tèmi nínú fọ́tò. Àpá kan náà. Ibì kan náà. Ìkọ́ kan náà.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí tí mo fi ṣubú lu ọlọ Màámi. Ó wà lójú mi níhìn-ín, mo ń fi ọwọ́ kàn án bí mo ṣe ń kọ ọ́. Èmi nìkan ni mo ṣubú lu ọlọ.

Mo ní olè ni, ó bu ojú mi fi dí ojú ìkejì mi! Mo pariwo. Ọjà dúró. Kò bínú. Ó pa gbogbo ohun tó ṣe rẹ́, ó tún gbé fọ́tò wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ níṣojú mi. Ó ní kí èmi fúnra mi di eku tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ mú. Èmi fúnra mi ni mo yí ìmọ́lẹ̀ náà. Ọwọ́ ara mi.

Àpá náà tún jáde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Máàṣì

Mo mú fọ́tò náà lọ bá Bàbá Oyèkànmí lẹ́nu ọ̀nà. Mo kàn gbé e lé wọn lórí ẹsẹ̀ pẹ̀lú awò tí wọ́n fi ń wo nẹ́gátíìfù. Wọn kò tilẹ̀ wo ojú àwọn ọmọ náà. Bẹ́ńṣì ni wọ́n wò. Wọ́n mí kanlẹ̀.

Ìyá Títí, wo pákó bẹ́ńṣì yìí níbi àárín. Ṣé o rí i pé ó ṣẹ́ díẹ̀, tí ọ̀tún àti òsì kò bára wọn mu?

Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn àgbà ni. Láyé ìgbà tí àwọn ń kọ́ṣẹ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìtíì ya fọ́tò, ìyá á gbé èyí tó kù wá. Wọ́n á fi pépà dúdú bo ìdajì gíláàsì inú kámẹ́rà, wọ́n á ya ọmọ lápá kan. Wọ́n á wá gbé ọmọ kan náà sí apá kejì, wọ́n á yí pépà, wọ́n á tún un yà. Ìbejì á pé. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ṣe bíi mẹ́wàá. Wọ́n ní ìyá kan kò tíì wá sọ pé kò jọ ọ́ rí.

Mo ní, Bàbá, oṣù kan lẹ́yìn fọ́tò ló kú.

Wọ́n ní, ọmọ mi, ta ló sọ fún ọ?

Mo gba fọ́tò mi, mo lọ sílé.

Ọjọ́ kan náà, ìrọ̀lẹ́

Mo rántí nǹkan. Ó ti wà lórí mi láti gbogbo ọdún yìí wá, n kò mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Ọkùnrin kan tó kì orí bọ aṣọ dúdú. Ó ní, má rẹ́rìn-ín o. Ẹnì kan gbé mi láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ńṣì kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo béèrè, Táyé ńkọ́? Màámi ní: Táyé ń bọ̀. Jókòó sí àyè rẹ̀ dè é.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Máàṣì

Ìjànikin. N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bá Màámi níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀gúsí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ríran.

Mo ní, Màámi, ìgbà wo ni Táyé kú?

Ọwọ́ wọn kò dúró. Wọ́n ṣa ẹyọ mẹ́ta, mẹ́rin. Wọ́n ní ọjọ́ kẹtàdínlógún tó kú ni a ya fọ́tò.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Bí ẹni tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta iyọ̀.

Mo ní kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi. Wọ́n ní ọmọ ọdún márùn-ún, kí ni àwọn ì bá sọ fún un? A kì í sọ pé ìbejì kú. Àwọn àgbà ní kí àwọn sọ pé Táyé lọ sí Èkó. Mo ń sunkún lójoojúmọ́ pé kí wọ́n mú mi lọ sí Èkó. Ìyá bàbá mi ló wá ní kí wọ́n gbé mi lọ bá onífọ́tò, kí n lè máa rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dàgbà tó láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ikú, mo ti fẹ́ràn fọ́tò náà. Wọn kò lè gbà á lọ́wọ́ mi mọ́. Wọ́n bá ní lẹ́yìn fọ́tò ló kú.

Ẹ̀yin náà ńkọ́, Màámi? Ẹ ní kí n ṣe é kó tóbi kí ẹ lè rí Táyé. Ẹ mọ̀ pé èmi ni!

Wọ́n ní: Mo mọ̀. Níbo ni kí n tún ti wò ó?

Mo bú sẹ́kún. Màámi kò sunkún. Wọ́n ní ojú wa jọra lóòótọ́, ṣùgbọ́n Táyé kò ní àpá, ẹnu rẹ̀ kì í sì í pa dé. Ẹ̀rín ni, kódà tó bá ń sùn. Èmi ni mo máa ń di ẹnu pọ̀ bí ẹni tó ń ka owó.

Ọjọ́ Ajé, 16 Máàṣì

N kò lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Máàṣì

N kò lọ. Ọdún mẹ́tàlélógójì. Ara mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú, 18 Máàṣì

Mo sọ fún Bàbá Títí pé n kò ra kọ̀m̀pútà mọ́. Mo ní nǹkan burúkú ni. Ó ń gbẹ́ ohun tí wọ́n ti sin.

Ó ń fọ ọwọ́ lọ́wọ́. Ó ní: Ìyá Kọ̀m̀pútà, èyí àkọ́kọ́ kò ríran, o ní kò dáa. Èyí kejì ríran, o ní kò dáa. Èwo ni kí àwọn Òyìnbó wá ṣe fún ọ, èyí tó ń dijú?

Mo fi sìlípáàsì sọ ọ́. Kò bà á. Ó mú un padà fún mi, ó jókòó tì mí, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó béèrè bí ojú Màámi ọ̀tún ṣe rí. Mo ní ó ti kù díẹ̀. Ó ní, kí lò ń dúró dè nígbà náà?

Ọ̀rọ̀ yẹn. Jókòó dè é. Mo ti dúró dè é láti ọdún 1955.

Ọjọ́bọ̀, 19 Máàṣì

Mo rà á. Ti Obiora. Ó pe ₦78,000, mo san ₦70,500, ó fi sítábíláísà kún un. Ọkùnrin náà kò lè wo ojú mi látàrí ọjọ́ Ẹtì. Mo rí i pé kò lè wò mí, mo sì dákẹ́ sórí ₦70,500 títí ó fi gbà. Táyé, foríjì mí. Ọjà lọjà.

Nígbà tí wọ́n ń dì í, ó fi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ pé, Mọ́mì, ẹ má bínú. Mo ní, ìwọ nìkan ni o kò purọ́ fún mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Máàṣì

Ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá Kékeré so ó pọ̀, ó fẹ́ jókòó sí i. Mo ní, Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, tí kò bá ní yọ yín lẹ́nu, ẹ dìde. Bàbá Oyèkànmí rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi húkọ́.

Mo gbé fọ́tò wọlé. Mo yọ àbàwọ́n. Ojú mi méjèèjì ń wò mí, ọ̀tún àti òsì, ẹnu wọn dì pọ̀ bí ẹni tó ń ka owó.

Èyí tó wà lápá ọ̀tún, n kò fọwọ́ kàn án. Àpá mi ni. Mo lọ sí apá òsì. Mo ń bu àwọ̀ dídán láti ìsàlẹ̀ iwájú orí, mo ń fi lé orí ìkọ́ yẹn, díẹ̀, díẹ̀. Mo bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá Kékeré fi bí wọ́n ṣe ń fa etí ẹnu sókè hàn mí. Mo fà á. Ó pọ̀ jù, ó dà bí ẹni tí eyín ń dùn. Mo dín in kù. Díẹ̀ báyìí ni mo fi ṣí ẹnu rẹ̀.

Ọ̀gá Kékeré dúró lẹ́yìn mi. Ìyá Títí, irọ́ la ń pa yìí o.

Mo ní, Ọ̀gá, irọ́ náà ti pé ọdún mẹ́tàlélógójì. Mi ò pa á. Mò ń tún un ṣe ni.

Agogo méjì kọjá ni mo gbé ọwọ́ kúrò. Mo wò ó.

Mo kígbe. Ẹnì kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ńṣì. Ẹni tí n kò rí rí. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, àfi bíi pé ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí, pé èmi ni mo ń jókòó bò ó mọ́lẹ̀.

Bàbá Oyèkànmí ní kí wọ́n bu omi fún mi.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Máàṣì

Ọ̀gá Kékeré yá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó bá mi tẹ fọ́tò náà jáde lórí ìwé ńlá. N kò fi férémù sí i. Mo gbé e lọ sí Ìjànikin bẹ́ẹ̀.

Màámi gbé e lọ sí ojú fèrèsé. Wọ́n fi ojú ọ̀tún sún mọ́ ọn títí imú wọn fi kàn án. Wọ́n wo ọ̀tún. Wọ́n ní, ìwọ nìyí. Wọ́n sún un. Wọ́n wo òsì.

Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n fi ìka ra ìpéǹpéjú náà, bí ẹni tó ń wá òkúta nínú ìrẹsì. Wọ́n tún un ra. Ìka wọn sọ̀ kalẹ̀ sí ẹnu.

Màámi tí kò sunkún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Màámi tó sọ ọjọ́ kẹtàdínlógún bí ẹni tó ń sọ owó iyọ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì, fọ́tò láyà wọn.

Ẹ̀hìndé. Níbo lo ti rí i?

Mo ní, Èkó ni, Màámi. Èkó ni mo ti rí i.